Lẹbẹ Ọkọ, Eyín Ìyàwó

"Àǹtí, mo ti ra tẹtirasáíkílìn o. Ṣé kí n tú u sínú omi ni, àbí kí n pò ó mọ́ oúnjẹ wọn?"

Ìyá Ṣadé ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti ilé wọn ní Rumuibekwe. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tú nǹkan kan síbẹ̀! Mò ń bọ̀."

Iṣẹ́ ẹja ọ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe ní Port Harcourt, ẹja tí wọ́n ń sìn nínú àpótí gíláàsì fún wíwò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ikwerre kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Rumuola, Ọ̀gá Chinda, ló kọ́ mi níṣẹ́. Títí ìyá mi fi kú ló ń bi mí pé irú ẹja wo ni èèyàn ń tọ́jú tí kò ní jẹ. Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ti wọlé oníbàárà, ohun tó máa ń sọ ni pé, "My daughter, no carry medicine first. Ask wetin change for the house." Nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ẹja méjì péré ló wà nílé Ìyá Ṣadé, tọkọtaya, irú ẹja inú òkun tí a ń pè ní kiláòn. Ara wọn pọ́n bí epo tuntun, pẹ̀lú ìlà funfun mẹ́ta. Láàárín kiláòn, ìyàwó ló tóbi, òun ló sì ń pàṣẹ. Bó bá ti sún mọ́ ọkọ, ọkọ a máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ. Bàbá Ṣadé ló rà wọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìfọpo ní Alesa. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá a dùbúlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àwọn ẹja yẹn nìkan ló ń mú ojú rẹ̀ tàn. Nísinsìnyí, lẹbẹ tí ọkọ nínú àwọn ẹja náà fi ń wẹ̀ ti gé kù díẹ̀.

"Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kí ni n ó sọ fún Bàbá Ṣadé?" ni Ìyá Ṣadé bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì nínú pálọ̀. Ìyá Ṣadé padà sídìí ẹ̀kọ tó ń fún un mu.

"Ẹ la ẹnu! Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́ nìyí? Ẹ wò ó, ẹ tún ti dà á sára!"

Bàbá di ojú. Ó dùn mí, nítorí mo mọ obìnrin yẹn ṣáájú àìsàn náà. Kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, áńbọ̀sìbọ́sí ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn.

Mo jókòó síwájú àpótí, mo ń wò. Bí lẹbẹ bá ń jẹrà, etí rẹ̀ a funfun, a rí játijàti bí etí aṣọ tó gbó, kì í sì í pẹ́ kó tó ran ẹnì kejì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú eyín hàn níbẹ̀ kedere, bí búrẹ́dì tí ọmọdé bù jẹ, ara ìyàwó sì ń dán. Mo yẹ omi wò, omi dára. N kò tíì dìde tí ìyàwó fi yọ lójijì, tó tún gé ọkọ jẹ nídìí. Ọkọ sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn pọ́ǹpù.

"Kì í ṣe àìsàn, mà. Ìyàwó ló ń gé e jẹ."

"Ìyàwó? Kí ni ọkọ ṣe fún un?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sọ sí mi lọ́kàn, mo wá wo pálọ̀ yíká. Kí ààyè lè gba bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wọ́n ti ti àpótí ẹja lọ sí kọ̀rọ̀. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí àwọn ẹja náà fi ṣe ilé, tí wọ́n ń yé ẹyin sí lára, ti dojú dé sẹ́yìn òkúta.

"Ilé rẹ̀ ló dàrú mọ́ ọn lójú, mà," mo ní. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò rí ẹni tó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò láti bá jà, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló wá ń gé jẹ. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀."

Ìyá Ṣadé gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó wo ẹja, ó wo Bàbá, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ojú tì mí, torí ẹja ni mò ń sọ, kì í ṣe òun.

Mo gbé ìkòkò náà padà, mo kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Mo fi ike tó mọ́ gaara, tí mo ti lu ní ihò wẹ́wẹ́, dá àpótí sí méjì, ìyàwó lápá kan, ọkọ lápá kejì. Ìyá Ṣadé fẹ́ kí n kúkú gbé ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lè sinmi. Mo kọ̀. Bí kiláòn bá kúrò lójú aya rẹ̀ pẹ́, àlejò ló máa dà lójú rẹ̀, ìjà tó máa padà wá bá yóò sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn. Oògùn kankan, n kò lò ó, torí tẹtirasáíkílìn a máa pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá wa fọ omi mọ́. Omi iyọ̀ tuntun, edé tí a gé wẹ́wẹ́, àti sùúrù, ìyẹn náà ni.

Lẹbẹ náà ń hù díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ mọ́ bí ọ̀rá kí àwọ̀ tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo yọ ike yẹn, Ìyá Ṣadé di ọwọ́ òsì Bàbá mú. Ìyàwó lọ bá ọkọ, ọkọ gbọ̀n jìnnìjìnnì, gbogbo wa ń retí eyín. Ìyàwó yí i ká, ó sì ṣáájú rẹ̀ lọ sídìí ìkòkò. Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

"Ojú àpá kì í jọ ojú ara," Ìyá Ṣadé wí, ó ń wo ibi tí lẹbẹ náà ṣì ti yàtọ̀ díẹ̀, "ṣùgbọ́n ó ń fi wẹ̀."

Kí òjò ọdún náà tó dá, Bàbá Ṣadé kú. Nígbà tí mo lọ bá wọn kẹ́dùn, Ìyá Ṣadé fà mí kúrò láàárín èrò lọ sídìí àpótí. Ó dúró, ó ń wo àwọn méjèèjì.

"Àǹtí, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, mi ò jágbe mọ́ Bàbá Ṣadé mọ́," ó ní. "Bí kì í bá ṣe ẹja yìí ni, ariwo mi ni wọn ì bá gbọ́ kẹ́yìn."