Búrẹ́mọ̀ Aránṣọ Wọn Ojú Ọ̀run

Gbogbo àdúgbò wa ní Jonquet ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Búrẹ́mọ̀ aránṣọ gun àga ní pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, tó yọ téèpù ọrùn rẹ̀, tó sì fi wọn àwòrán ilẹ̀ Benin lára ògiri. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Sàní, akọ̀wé tó ń gba tẹlifóònù níbẹ̀. Ayé Ehuzu ni, ayé ìjọba ológun tó ní òun ti yí ìlú padà, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kámáráàdì.

"Kámáráàdì, ẹ sọ̀kalẹ̀!" Sàní pariwo.

"Kámáráàdì kọ́ ló bí Kúbúrá, èmi ni. Kìlómítà mélòó ni bàálù ń sá ní ìṣẹ́jú kan?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Kúbúrá, àkọ́bí rẹ̀ tí wọ́n rán lọ ṣe tíṣà ní Kàndí, ti ń rọbí láti ọjọ́ méjì. Àwọn ará ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tẹlifóònù pé àwọn ti gbé e sínú bàálù kékeré kan lọ bá dókítà ní Natitingou. Tí wọ́n bá balẹ̀, wọ́n á tún pè.

Sàní ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí àwòrán jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá, bàálù kékeré sì ń sá kìlómítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Téèpù sọ ogún láti Kàndí dé Natitingou. Igba kìlómítà nìyẹn, àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n aránṣọ kì í gé aṣọ ṣe rẹ́gí, torí rírán máa ń jẹ aṣọ. Búrẹ́mọ̀ fi méjì kún un lápá ìhín, ó fi méjì kún un lápá ọ̀hún.

"Mẹ́rìnlélógún. Wákàtí kan gbáko."

"Bàbá, èwo ni méjì méjì yẹn?"

"Ti abẹ́rẹ́ ni."

"Háà! Ṣé ẹ fẹ́ rán ojú ọ̀run ni?"

Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó wo aago, ó tún lọ. Bó ṣe wà náà nìyẹn: ó lè dìde nígbà mẹ́fà kó tó rán apá ẹ̀wù kan tán.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú pé. Tẹlifóònù ò dún. Ràfíátù, ìyàwó rẹ̀, káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, Ràfíátù. Ó ku ti abẹ́rẹ́."

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí wákàtí pé, tẹlifóònù dún. Afẹ́fẹ́ ló dá wọn dúró. Wọ́n ti balẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Kúbúrá ti bí obìnrin, tìyá tọmọ sì wà láàyè. Àṣé Ọlọ́run ń gbọ́ èdè aránṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Búrẹ́mọ̀ tí kò wọ bàálù rí di ọ̀gá bàálù ládùúgbò. Mùíbì aládùúgbò wa tó fẹ́ wọ bàálù lọ sí Parakou wá bi í ní àkókò tí òun máa dé pápá bàálù. Búrẹ́mọ̀ fi ti abẹ́rẹ́ kún un. Mùíbì padà wá tòun ti ẹrù lórí.

"Bàálù ti lọ!"

"Àwọn ló gé e kúrú."

Ràfíátù nìkan ló mọ òótọ́. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti pọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó bi í bó ṣe mọ̀.

"Mi ò mọ nǹkan kan. Mo kàn mọ̀ pé tí àádọ́ta ìṣẹ́jú bá pé tí mi ò sì ní ìṣẹ́jú kankan nílẹ̀ mọ́, màá kú síbẹ̀ ni."

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ló wá kú. Kúbúrá ń fi ọkọ̀ ilẹ̀ bọ̀ láti Kàndí. Lèmọ́mù ní aago méjì làwọn máa sin ín. Aago méjì lù, kò sí Kúbúrá. Àwọn ọkùnrin nawọ́ sí òkú.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ràfíátù ní, "ẹ yọ ti abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún un."

A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu wa. Lèmọ́mù náà jókòó. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Kúbúrá fi sáré wọlé, eruku ọ̀nà lára gèlè rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé mo ti pẹ́ jù?"

"Rárá, ọmọ mi. Bàbá ẹ ti fi kún un."