Iná Orí Sọ Mí Di Opó Ọ̀sán Kan

Òórùn àdín gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá rántí ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó titun. Ní Òkè-Ṣópẹ́n ni, kò tíì pẹ́ tí àwọn Òyìnbó fi ogun ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú sílẹ̀, tí àwọn alárùú ń gba ìlú wa kọjá lójoojúmọ́. Àwọn kan nínú wọn tí òjò ká mọ́ ọ̀nà sùn lórí ẹní wa lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, wọ́n sì fi iná orí sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí lè pani. Irun mi gùn, ó sì ki, iná rí ilé gbé. Ìyá ọkọ mi á tú irun náà, wọ́n á fi àdín pa á, wọ́n á máa fi èékánná tẹ iná pa, ṣùgbọ́n bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo họ orí títí ó fi dégbò, egbò ń ṣọyún, ibà sì dé.

Gbogbo ilé mọ oògùn rẹ̀, abẹ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, opó ní í fárí. Ìyàwó tó bá fárí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ikú ló ń pè sí i. Ọkọ mi sì wà lórí omi. Ó lọ ra iyọ̀ àti ẹja ní Ìwọ́pin, ọjọ́ tó dá fún wa ti kọjá, òjò ò sì dá. Ẹ̀rù ń bà mí ju bí orí ṣe ń ro mí lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi mú abẹ jáde.

"Ẹ má fá a, ìyá," ni mo wí.

"Jókòó. Èmi ni mo bí i. N ò ní torí ọmọ tí n ò rí pa èyí tó wà níwájú mi."

Wọ́n fá a mọ́ tónítóní, wọ́n sì kó irun náà lọ sun. Mo jókòó sẹ́yìn ilé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí egbò. Obìnrin aládùúgbò wa kan tó wá yá odó ló yọjú sí mi. Ó rí orí mi, ó káwọ́ lérí.

"Yéè! Omi ti gbé e lọ o! Wẹ́n ti fá ìyàwó lórí!"

Kí n tó lanu, ẹkún ti gba agboolé.

Mo mọ̀ pé nítorí iná ni wọ́n ṣe fá mi lórí, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́. Mo rò pé abẹ náà ti ṣiṣẹ́, pé ìròyìn ti dé ìta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá ọkọ mi sáré jáde, àwọn náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo ṣubú tì wọ́n, a di ara wa mú, a ń sunkún ọkùnrin kan náà. Ìgbà tó yá ni ẹnì kan béèrè pé, "Ta ló mú ìròyìn wá?" Kò sẹ́ni tó mú un wá.

Ọkọ mi dé kí oṣù náà tó parí, tòun tiyọ̀ rẹ̀, ó sì fi orí mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ṣé o rí i, àwọn òbí wa ló so wá pọ̀; títí di ọ̀sán yẹn, àlejò ni ọkùnrin náà jẹ́ fún mi, n kì í lè wò ó lójú. Wọ́n ti sin mí lọ sílé ọkọ tipẹ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, inú ẹrẹ̀ níbi tí mo ti ń sunkún rẹ̀ ni mo ti di aya rẹ̀.