Ibi Tí Tíṣà Gbọ́ Ìwé Dé

Ìgbà kọkànlá tí Tíṣà, bàbá kan tí kò ríran, gbọ́ orí kìíní ìwé kan náà ni sùúrù rẹ̀ tán, ló bá gbé fóònù.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ṣé ọkọ̀ ojú omi yìí ò ní kúrò ní èbúté láéláé ni? Mo ti mọ orúkọ gbogbo atukọ̀ rẹ̀ tán. Mo mọ iye àgbá tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ jọ̀ọ́!"

Obìnrin tó dá a lóhùn lórí fóònù bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó ṣe é. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kì í kánjú, kì í sì í pariwo. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé àwọn tí kò ríran, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ kí àwọn tó fẹ́ ẹ lè máa fi fóònù gbọ́ ọ nílé.

"Ẹ má bínú, bàbá. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Tíṣà fi fóònù mọ́ etí dáadáa. "Dúró ná. Ṣé ìwọ kọ́ lo ka ìwé àwọn olùṣọ́ iná etí òkun? Mo mọ ohùn yìí!"

Òun ni lóòótọ́. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ló fi jókòó sínú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, tó ń kàwé fún àwọn tí kò lè rí i kà. Ìwé mọ́kàndínláàádọ́ta ló kà. Nígbà tó yá, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, dókítà sì ní kó má kàwé gbọọrọ mọ́. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọlé tọ ọ̀gá àgbà lọ, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá wò ó títí. "O mọ̀ pé o ti pé ogójì ọdún?"

"Mo mọ̀, mà. Mi ò tíì pé àádọ́ta."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lùwé.

Jẹ́jẹ́ ò pẹ́ rí ohun tó ń dá Tíṣà padà sí èbúté. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Inú ohun tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní kọ̀ntéénà ni wọ́n ń di ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sí, tòun ti gbogbo ohun tó nílò. Bí kọ̀ntéénà kan bá dákú, ètò tó jẹ́ alábòójútó á jù ú nù lójú ẹsẹ̀, á gbé tuntun dìde. Ìyẹn dáa, àfi pé tuntun ò mọ nǹkan kan nínú ohun tí èyí tó lọ mọ̀. Inú kọ̀ntéénà ọ̀hún gan-an ni wọ́n sì ń kọ ibi tí olúkúlùkù gbọ́ ìwé dé sí! Bó bá ti kú pẹ́nrẹ́n, ẹgbẹ̀ta èèyàn á padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Jẹ́jẹ́ bá kó àkọsílẹ̀ náà jáde kúrò nínú kọ̀ntéénà, ó fi í sínú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan ní yàrá kejì. Ó wá gbé kọ̀ntéénà mẹ́ta dìde láti máa ṣe iṣẹ́ náà, pé bí ọ̀kan bá ṣubú, méjì á kù. Àmọ́ ojú ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ló kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé. Àṣé wọ́n á máa kọ̀wé lé ara wọn lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ti ṣí o," Tíṣà ní, "àmọ́ adìyẹ ló wà nínú rẹ̀."

"Adìyẹ kẹ̀, bàbá?"

"Adìyẹ ni mo wí! Inú ìwé ọ̀sìn adìyẹ ni mo bá ara mi, orí kẹfà. Mi ò ní adìyẹ kan ṣoṣo láyé mi. Àmọ́ ó ń dùn mọ́ mi o, má tíì gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, obìnrin kan tó ń sin adìyẹ pè: òun bá ara òun láàárín òkun, ìgbì sì ń dé.

Jẹ́jẹ́ gbórí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà. Ohun tó yẹ kó ṣe wà níbẹ̀ kedere, lójú ìwé tó fò. Òun tí kò fo ìlà kan rí nínú ìwé mọ́kàndínláàádọ́ta!

Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ àwọn kọ̀ntéénà náà lórúkọ: Èkíní, Èkejì, Ẹ̀kẹta. Ó fún kálukú ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Èkíní nìkan ló ń gba àkọsílẹ̀ tuntun. Àwọn méjì yòókù á wá dà á kọ. Bí Èkejì bá kú, èyí tó bá rọ́pò rẹ̀ á jẹ́ Èkejì, á sì lọ tààrà síbi ìpamọ́ Èkejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó pe ọ̀gá wá. Tíṣà náà wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n gbé ìwé rẹ̀ sí i, ohùn ń jáde, ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté tipẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí. Á pa kọ̀ntéénà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Èmi? Kí wọ́n má sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́!"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà."

Ọ̀gá dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn dá wáí. Jẹ́jẹ́ ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Èkíní dìde, Èkejì tẹ̀lé e, Ẹ̀kẹta ò sì gbẹ́yìn púpọ̀. Ni ohùn bá bẹ̀rẹ̀ padà, níbi tó dúró sí gẹ́lẹ́.

Ariwo ayọ̀ ta. Ọ̀gá tó ga bí òpó ń fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá àjà. Tíṣà nìkan ló nawọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́! Mi ò gbọ́ ohun tí atukọ̀ ń wí!"

Kò pé oṣù kan tí ilé ìkàwé méjì mìíràn fi ránṣẹ́ pé kí Jẹ́jẹ́ wá kọ́ àwọn náà. Ó ra bàtà tuntun fún ìrìn àjò náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ọkọ rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, bí wọn ò tilẹ̀ bi í: "Ìyàwó mi nìyí o. Ó ń lọ kọ́ àwọn onímọ̀ níṣẹ́."