Ìró Ìgbálẹ̀ Níwájú Ilé Wa

Bàbá mi nìkan ni baálé tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbá iwájú ilé. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ní Sábó ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣàà, ṣàà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí títì. Ilà ìgbálẹ̀ rẹ̀ a wà lórí ilẹ̀ pupa bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.

Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku ni. Àgùdà ni ìyá mi, ọmọ Modákẹ́kẹ́.

"Oore-ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbani là," bàbá mi á wí. "Ẹ̀bùn ni. Ta ló ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀bùn?"

"Ẹni tí wọ́n fún láṣọ funfun, ṣé kò ní fọ̀ ọ́ ni?" Ìyá mi á ju Rósárì rẹ̀ sí èjìká. "Bàbá àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí ẹ ní kò gbani là yìí, ẹ wo bó ṣe ń mú yín làágùn láràárọ̀!"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. "Èmi ò gbálẹ̀ kí ilé lè di tèmi. Ilé ti di tèmi ná, ìyẹn ni mo ṣe ń gbá a."

Àwàdà ni gbogbo rẹ̀, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú. "Má tan àbẹ́là kankan fún mi o. Má bẹ Fáda ní Mísà. Tí o bá ń bẹ̀bẹ̀ fún mi lẹ́yìn ikú, ohun tí o ń sọ ni pé èyí tí Jésù ṣe kò tó. Ṣèlérí fún mi." Ìyá mi ṣèlérí. Mo wà níbẹ̀.

Iwájú ilé la sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn. Mo dúró ti ìyá mi kó má baà dá wà. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá, tí àwọn Àgùdà máa ń gbàdúrà fún òkú wọn, mo gbọ́ ọ ní ìdájí ọjọ́ kan: ṣàà, ṣàà.

Mo rò pé ìyá mi ni. Mo jáde sí pálọ̀, mo bá a lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ lẹ́nu.

"Ìwọ náà gbọ́?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilà ìgbálẹ̀ wà láti ẹnu ọ̀nà dé etí títì, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan. Ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé wa ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí a tì. Ìrì ti rin ín gbingbin.

Mo ti ka ìwé ní yunifásítì ìlú wa nígbà èwe. Wọ́n kọ́ wa láti máa wádìí. Mo bi ìyá arúgbó tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán.

"Èmi kẹ̀?" ó ní. "Tèmi ni mo gbá tán, tí mo wá ń gbá tiyín!"

Àràárọ̀ la ń gbọ́ ọ. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun ìyá mi mọ́. "Ẹni tó ti dé ibi ìsinmi kì í gbálẹ̀," ó ní. "Ibi ìwẹ̀nùmọ́ ló wà, kò tíì wọ ọ̀run. Bí mo bá gbàdúrà fún un, mo dalẹ̀ ọkọ mi. Bí n kò bá gbà á, mo fi í sílẹ̀ nínú ìyà." Ó ti ra àbẹ́là. Orí tábìlì ló wà, kò tàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ìró náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó mú àbẹ́là àti ìṣáná, ó ṣílẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí eruku tó ń dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò rí ẹni tó ń gbá a.

Ìyá mi kò ṣá ìṣáná. "Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ kì í gbálẹ̀ kí ilé lè di tiyín. Níbi tí ẹ wà yẹn, ṣé ó ti di tiyín?"

Ìró náà dúró. Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, mo ń gbọ́ ìrì tó ń kán láti ara igi ọsàn. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, ṣàà, ṣàà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó ti dáhùn tipẹ́.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ki àbẹ́là bọ ìṣẹ́po ìró aṣọ rẹ̀, ó lọ mú ìgbálẹ̀ wá láti ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lọ. Ìró ìgbálẹ̀ méjì ni mo ń gbọ́, títí wọ́n fi pe ìrun ní Sábó.

"Ṣé ẹ gbàdúrà fún un ni?" mo bi í nígbà tó wọlé.

"Ta ló gbàdúrà? Ṣé mi ò ṣèlérí ni? A jọ gbálẹ̀ ni." Ó ní kí n gbé ẹ̀kọ wá fún òun.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbá iwájú ilé títí ó fi lọ. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Mo bá àbẹ́là náà nínú àpótí rẹ̀, iná kò kàn án rí.

Èmi ni mo ń gbá a nísinsìnyí. Nígbà mìíràn, tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí tí mo dúró láti sinmi, ìró náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́.