Kókó Akọ̀pẹ Lórí Omi

Ẹ má fi akọ̀pẹ ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe ẹnìkejì yín nínú ọkọ̀ onígbòkun láé. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, akọ̀pẹ ni mí ní Erinje, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Mo rántí ìgbà tí ìjọba sójà wà lóde, tí epo bẹntiróòlù dàwátì. Àwọn ará Ìlàjẹ létí òkun, níbi tí mo ti fẹ́ ìyàwó, pa ẹ́ńjìnnì tì, wọ́n padà sí ìgbòkun àwọn baba wọn. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn yóò fi ọkọ̀ onígbòkun díje, ẹni méjì-méjì nínú ọkọ̀ kan, àwọ̀n tuntun sì ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fẹ́ àwọ̀n náà lójú méjèèjì, torí tirẹ̀ ti gbó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní, bàbá wọn ló gbẹ́ ẹ kẹ́yìn kó tó kú. Òun ló fi ń pẹja bọ́ ìyá wọn àti ọmọ márùn-ún.

Nígbà tó ku ọ̀la, ibà dá ẹnìkejì rẹ̀ dùbúlẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, mo sì la ẹnu: "Ẹ̀gbọ́n, èmi yóò bá yín lọ. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kí ni omi fẹ́ fi ṣe é?" Ẹnu dùn ún fi ròfọ́. Ìyàwó mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n panu mọ́, mo ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n kìlọ̀ fún mi. "Èmi yóò máa fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀ nídìí. Ìwọ, di okùn ìgbòkun yìí mú. Bí afẹ́fẹ́ bá le, jọ̀wọ́ rẹ̀. Má so ó o!" Mo ní mo ti gbọ́.

Háà, a sáré! Ọkọ̀ kan péré ló wà níwájú wa. Ṣùgbọ́n okùn ń bó mi lọ́wọ́, ó ń ta mí bí iná. Lọ́dọ̀ tiwa, okùn tí a kò so, kí la fẹ́ fi ṣe? Igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ, bí kókó rẹ̀ bá tú, ikú ni. Bàbá mi ló kọ́ mi ní kókó náà. Bí ohun tó ń fà á bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa le sí i. Mo wẹ̀yìn, iwájú ni ojú ẹ̀gbọ́n wà. Mo ta kókó akọ̀pẹ mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀, inú mi sì dùn pé mo gbọ́n ju gbogbo ará omi lọ.

A dé ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun. Afẹ́fẹ́ já lù wá láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Jọ̀wọ́ rẹ̀!"

Mo fi ìka tú kókó náà, mo fi eyín fà á. Kò mì.

"Àna mi, jọ̀wọ́ rẹ̀!"

Omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ dojú dé. Bí a ti dìrọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sábẹ́ omi, ó kan kókó náà. Ó wò mí.

Ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ìdíje ló wá yọ wá. Wọ́n gbìyànjú láti fa ọkọ̀ wa, ìgbì kò gbà. Ẹ̀gbọ́n kò fi í sílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ náà. Omi ń gbé e lọ sínú òkun, a jókòó, à ń wò ó. Àgbà ọkùnrin ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò lè ní kó pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu ìyá olè.

Ní èbúté, ìyá wọn sáré pàdé wa. "Ẹ kú ewu o! Olúwa, o ṣeun. Ọkọ̀ ńkọ́?" Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ kí ojú ti àna òun níwájú ará ilé.

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ."

Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n jókòó, kí n jẹun. Ìyá wọn náà ti lọ. Ìyàwó mi nìkan ló kù tó máa ń rántí, bó bá sì ti rántí, a máa ṣépè fún ohun tó sọ ẹ̀gbọ́n òun di lébìrà: kò ní rójú, kò ní ráyè. Àwọn ọmọ wa a ní àmín. Wọn a wá kọjú sí mi. Èmi náà a ní àmín.