Fún Adébímpé, Ayàwòrán Tó Ní Kí N Yíjú Wá

Bímpé mi, ó mà dìgbà o. Ó dìgbà tí n ó tún gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn wa ní Nunhead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí wàá gbé àpò kámẹ́rà sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ mi yóò sì kọ ọ́. Adébímpé Àjọkẹ́, arẹwà obìnrin, afínjú ayàwòrán, ẹni tí ń wo ènìyàn pẹ̀lú sùúrù títí ìtìjú yóò fi kúrò lójú onítọ̀hún. Ọjọ́ kẹtàlá nìyí tí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí o kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, Fọlákẹ́ ni orúkọ mi. Àwọn kan nínú yín mọ̀ mí sí ọ̀rẹ́ Bímpé, àwọn mìíràn mọ̀ mí sí nọ́ọ̀sì tó ń bá a gbé. Nígbà tí wọ́n ń to ìwé yìí, ẹnìkan nínú ẹbí ní kí wọ́n kọ “ọ̀rẹ́” sí abẹ́ orúkọ mi. Mọ́mì, ìyá tó bí Bímpé, ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi. Mo ń kọ ọ́ báyìí. Olólùfẹ́ rẹ̀ ni mí. A fẹ́ra wa, a ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì kánsù lójú ẹlẹ́rìí méjì, a sì gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Bímpé, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí o ti ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà ní Peckham ni a ti pàdé. Mo wá ya fọ́tò físà. O ní kí n má rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìjọba kò fẹ́ ẹ̀rín. Nígbà tí o yà á tán, o gbé kámẹ́rà mìíràn, o ní, “Ó yá, rẹ́rìn-ín báyìí. Èyí kì í ṣe tìjọba.” N kò lè rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Mo kàn yíjú sí ògiri ni. O yà á bẹ́ẹ̀.

North Peckham Estate ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kí wọ́n tó wó ibẹ̀. O sọ fún mi pé fọ́tò kún ara ògiri pálọ̀ Mọ́mì nígbà náà: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ẹgbẹ́ akọrin nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì yín. Nígbà tí o di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí o sì ti mọ irú ẹni tí o jẹ́, o wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, o ń wá obìnrin méjì tó jókòó ti ara wọn bí ìwọ náà ṣe fẹ́ jókòó lọ́jọ́ kan. O kò rí wọn. Ohun tó sọ ọ́ di ayàwòrán nìyẹn.

Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o ń yà, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, láti Peckham títí dé Sydenham. O ya awakọ̀ báàsì, o ya olùkọ́, o ya ìyá àgbà kan pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya àwọn òbí wa láyé àtijọ́ ni o ṣe ń yà wọ́n: wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á we gèlè, wọ́n á gbọ́wọ́ lé orúnkún, wọ́n á wo ọ̀kánkán. O máa ń sọ pé, “Mo fẹ́ kí wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n lè gbé kọ́ sí pálọ̀.” Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wàá yà. O kò fi ojú ẹnikẹ́ni hàn láìgbàṣẹ rí. Obìnrin kan yí ọkàn padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àfihàn àwọn fọ́tò rẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. O sọ fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, o sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo lára ògiri. O kò fi òmíràn dí i.

Èmi náà wà lára àwọn tó ń kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Ìlọrin ni ìyá mi wà, Hajia ni wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹnìkan lè fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí mi, o máa ń yà mí ní ìdí fèrèsé kíṣìnnì, n ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ. O kò bá mi jà rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o sọ pé, “Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ ju ojú ara mi lọ. Ọjọ́ tó bá wù ọ́, yíjú wá.” Mo ní ó máa yá. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń sọ pé ó máa yá.

Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ dé sí ọ lára. Mọ́mì kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé wa rí kó tó dìgbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja lọ́wọ́, wọ́n sì dúró pẹ́ níwájú fọ́tò àwọn ìyá àgbà méjì yẹn. Wọ́n bi ọ́ pé ta ni wọ́n. O ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń gbé pọ̀, Mọ́mì.” Férémù náà wọ́, wọ́n tún un gbé kọ́ dáadáa, wọ́n sì wọ kíṣìnnì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ. Wọn ò sọ pé wọ́n fara mọ́ ọn, wọn ò sì tíì sọ ọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní “Fọlákẹ́ mi.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìbí mi tó kọjá yìí, o ní kí n gbé kámẹ́rà wá. Ọwọ́ rẹ ti rù. Mo dúró sí ìdí fèrèsé, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ bí ìṣe mi. Mo wá ń gbọ́ bí o ṣe ń mí, mo sì mọ̀ pé a kò ní ọjọ́ ìbí mìíràn níwájú mọ́. Mo yíjú sí ọ. O yà mí. Ọwọ́ rẹ gbọ̀n, fọ́tò náà kò sì hàn kedere. Imú àti ẹnu mi dà pọ̀ bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o tún un yà. O ní, “Rárá, ó tó. Mo ti rí ọ.”

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni o lọ.

Bímpé, dárí jì mí. Ní gbogbo ọdún tí ọwọ́ rẹ fi dúró ṣinṣin, ojú mi kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn, ju ikú rẹ gan-an lọ nígbà mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹta tí o lọ, mo pe ìyá mi ní Ìlọrin. Mo sọ fún wọn pé ìkejì mi ló kú, obìnrin ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n pe orúkọ rẹ fún àwọn. Mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè díẹ̀díẹ̀, kí àwọn lè pè é dáadáa nínú àdúà. N kò mọ ohun mìíràn tó wà lọ́kàn wọn. Èyí tí wọ́n sọ ni mo mú wá fún ọ.

Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ṣì jẹ́ tìrẹ. N kò tíì lè sún débẹ̀. Ara tó ro ọ́ púpọ̀ ti sinmi báyìí, Àjọkẹ́ mi, olówó ojú mi. Sùn re o. Sùn re.