Ìparí Ìtàn Tábìlì Bàbá Àgbà

Òórùn pọ́líìṣì igi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ ló dá ọkàn mi padà sí ọjọ́ kan nílé Bàbá àgbà ní Bódìjà, lẹ́yìn tí wọ́n kú, nígbà tí mo ṣì kéré. Bàbá mi gbé mi jókòó sórí tábìlì ìkọ̀wé wọn tó ń dán.

"Àníkẹ́, sọ ìtàn tábìlì yìí fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n má sọ ìparí rẹ̀ o."

Mo ròyìn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí rẹ̀, tó fi ta Bàbá àgbà lọ́rẹ nígbà tó ń relé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan lu agogo, Bàbá mi sọ̀ mí kalẹ̀, àwọn kan sì gbé tábìlì jáde.

"O ṣeun, ọmọ mi," Bàbá mi wí.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé gbàǹjo ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ni wọ́n sì fi polówó tábìlì. Ìparí ìtàn náà rèé: Bàbá àgbà ní, "Àníkẹ́ ló ni ín."